Fíìmù Yorùbá àti Àwọn Tí Ń Jí I Tà

Ariwo kan wà tí kò tíì dá lẹ́nu àwọn òṣèré Yorùbá láti nǹkan bí ogójì ọdún wá. Ariwo náà ni pé àwọn kan ń jókòó ti iṣẹ́ oníṣẹ́, wọ́n ń dà á kọ, wọ́n ń tà á, oníṣẹ́ kò sì rí kọ́bọ̀ gbà níbẹ̀. Páírésì ni orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí láti Ojúẹlẹ́gbà títí dé Ìdí-Òrò. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ariwo náà kò tọ́, nítorí olè ni olè ń jẹ́, bí ó ti wù kí ó múra tó. Ṣùgbọ́n bí onílé bá fi ogójì ọdún pariwo olè, tí olè kò sì kúrò ní àdúgbò, tí àwọn aládùúgbò pàápàá tún ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tó àkókò kí ẹnì kan béèrè ohun tí olè náà ní tí onílé kò ní.

Àwọn alámèyítọ́ kì í sábà béèrè rẹ̀. Ìtàn, ẹ̀dá ìtàn, òwe àti ìlù ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò nínú fíìmù, èyí sì dára. Ọ̀nà tí fíìmù gbà dé ọ̀dọ̀ òǹwòran ni wọ́n máa ń fò dá, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwọn oníṣòwò nìkan ni. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tí iṣẹ́ ọnà bá gbà dé ọjà a máa padà wọ inú iṣẹ́ ọnà náà lọ. Òun ni ó ń pinnu bí fíìmù yóò ti gùn tó, ibi tí ìtàn yóò ti já, irú Yorùbá tí àwọn ẹ̀dá ìtàn yóò máa sọ, àti bóyá ẹni tí ó kọ ìtàn kan yóò rí oúnjẹ jẹ títí yóò fi kọ òmíràn.

Ní ọdún 1982 ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, gbé Ọ̀run Móoru jáde. Ọlá Balógun ni ó darí rẹ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹgbẹ́ Aláwàdà ti fi ọkọ̀ yí ilẹ̀ Yorùbá po, tẹlifíṣọ̀n sì ti gbé ojú ọ̀gá wọn wọ ilé àwọn tí kò tíì dé gbọ̀ngàn eré rí. Gbèsè ńlá ni ó fi ṣe fíìmù náà. Nígbà yẹn, òkè òkun ni wọ́n ń kó fíìmù lọ fọ̀, owó tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà kan ṣoṣo kò sì kéré, nítorí náà ìwọ̀nba ẹ̀dà ni òṣèré ń ní lọ́wọ́. Bí ó ti ń gbé eré orí ìtàgé kiri tẹ́lẹ̀ ni ó ṣe ń gbé fíìmù kiri: òní Ìbàdàn, ọ̀la Iléṣà, ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ Èkó, níbi tí gbọ̀ngàn ńlá ti orílẹ̀-èdè ní Ìgànmú, tí wọ́n kọ́ tán ní 1976, ti jẹ́ ibi tí ojú gbogbo òṣèré ń wò. Ìlú tí kò bá tíì kàn, kí ó máa dúró.

Inú ìdúró yìí ni olè gbà wọlé. Owó epo rọ̀bì ti sọ ẹ̀rọ fídíò di ohun èlò ilé fún ọ̀pọ̀ ará Sùúrùlérè àti Yaba. Kásẹ́ẹ̀tì Íńdíà, ti Hong Kong àti ti Amẹ́ríkà wà fún wọn láti yá, ṣùgbọ́n ti Yorùbá ṣọ̀wọ́n bí ojú. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ nílé, tí ó sì fẹ́ràn Bàbá Sàlá, kò rí ibi tí yóò ti fi owó rẹ̀ ra Bàbá Sàlá lọ́nà ẹ̀tọ́. Nígbà tí ẹlòmíràn gbé e dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó rà á. Bí kásẹ́ẹ̀tì Ọ̀run Móoru ṣe di ohun tí ó wà níbi gbogbo nìyẹn, tí ẹni tí ó fi òógùn rẹ̀ ṣe é kò sì rí èrè jẹ. Gbèsè náà wọ̀ ọ́ lọ́rùn, kò sì gbé fíìmù bí irú rẹ̀ jáde bí ó ti yẹ kí ẹni tí ó gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀ máa gbé e jáde títí ó fi dolóògbé ní ọdún 2018. Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ náà korò ni pé ìtàn ọkùnrin tí gbájú-ẹ̀ sọ di òtòṣì ni fíìmù náà ń sọ.

Wọ́n máa ń sọ ìtàn Ọ̀run Móoru bí ìtàn ẹni rere tí àwọn ẹni ibi jẹ run. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni. Lórí ìtàgé, kò sí ẹni tí ó lè jí Bàbá Sàlá. Ẹni tí ó bá fẹ́ jí eré Aláwàdà ní láti gbé ọkùnrin náà fúnra rẹ̀, àti aago tábìlì tí ó sọ di aago ọwọ́, àti ìwo ojú gàgàrà rẹ̀, àti èébú tí ó máa ń dá sílẹ̀ ní ojú ẹsẹ̀ fún ẹni tí ó bá pẹ́ dé gbọ̀ngàn. Ohun tí ó fi rín àwọn ará Òṣogbo lẹ́rìn-ín lálẹ́ àná kọ́ ni yóò fi rín àwọn ará Mushin lẹ́rìn-ín lálẹ́ òní. Nígbà tí eré di fíìmù, tí fíìmù sì di kásẹ́ẹ̀tì, ọjà tuntun dé, ṣùgbọ́n ọ̀nà àtijọ́ ni olówó ọjà ṣì ń tọ̀. Ó gbé ohun tí ẹ̀rọ lè dà kọ ní wákàtí méjì dání, ó sì ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ bá àwọn òǹwòran rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ìdàkọ ní láti ṣáájú rẹ̀ dé.

Lẹ́yìn 1986, nígbà tí náírà wó lulẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè kó fíìmù lọ sí òkè òkun mọ́ àfi ìwọ̀nba. Ní àkókò kan náà, ìbẹ̀rù àwọn adigunjalè kò jẹ́ kí ènìyàn fẹ́ jáde lálẹ́, àwọn ilé sinimá àtijọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Òmíràn di ilé ìjọsìn, òmíràn di ilé ìkẹ́rùsí. Ní Agége, sinimá lọ, ó ku orúkọ, tí àwọn ọmọ ọkọ̀ fi ń pe èrò: Pẹ́ẹ̀nì Sínímà. Àwọn òṣèré wá ṣe ohun tí ó yẹ kí wọ́n ti ṣe ní 1982: wọ́n mú ohun èlò olè, wọ́n sọ ọ́ di tiwọn. Adé Ajíbóyè ṣe Ṣóṣo Méjì lórí fídíò ní 1988. Kenneth Nnebue, ọmọ Ìgbò, gbé Àjẹ́ Ni Ìyá Mi jáde ní 1989, ní èdè Yorùbá, ọdún mẹ́ta kí ó tó ṣe Living in Bondage tí wọ́n fi ń júwe ìbẹ̀rẹ̀ Nollywood. Kí àwọn tí ń kọ ìtàn Nollywood láti 1992 máa rántí Yorùbá náà díẹ̀díẹ̀.

Ìdúmọ̀tà di ọjà kásẹ́ẹ̀tì, Sùúrùlérè sì di ibi tí àwọn tí ń ṣe fíìmù ń gbé, tí wọ́n ń pàdé, tí wọ́n ń yan òṣèré, tí wọ́n sì ń jà. Ní Kánò, ọ̀mọ̀wé Brian Larkin ti fi hàn pé àwọn tí ó ń da fíìmù Íńdíà àti ti Amẹ́ríkà kọ tà ni ó ní ẹ̀rọ àti ọ̀nà tí fíìmù Hausa gbà dé ọwọ́ àwọn ará ìlú nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí olè là kì í ṣe ọ̀nà olè nìkan. Ẹni tí ó bá ní ẹrù lè gbà á kọjá.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn alágbàtà Ìdúmọ̀tà fúnra wọn fi ṣe ohun tí Bàbá Sàlá ṣe láìmọ̀: wọ́n tún fi àyè sílẹ̀. Àṣà tí wọ́n dá ni pé kí wọ́n pín fíìmù kan sí apá kìn-ín-ní àti apá kejì, kí wọ́n ta ọ̀kan lónìí, kí wọ́n sì jẹ́ kí òùngbẹ òmíràn máa gbẹ ènìyàn. Ẹni tí ó ti wo púpọ̀ nínú fíìmù àkókò náà mọ bí ìpín yìí ti ba iṣẹ́ jẹ́ tó. Ìtàn tí kò ju wákàtí kan àbọ̀ lọ ni wọ́n fà títí ó fi di mẹ́ta: ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ yóò wọ ọgbà wá ní ìṣẹ́jú méjì, ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ yóò sọ̀kalẹ̀, yóò ti ilẹ̀kùn, yóò rìn dé ẹnu ọ̀nà, yóò kí ẹ̀ṣọ́, yóò kí ọmọ ọ̀dọ̀, ìtàn kò sì tíì yí padà. Apá kìn-ín-ní yóò wá já ní ibi tí ẹnu òṣèré ṣì ṣí sílẹ̀. Èyí kì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe àwọn tí ó kọ ìtàn nìkan. Ọ̀nà ọjà ni ó gé e bẹ́ẹ̀.

Olè náà sì tún rí àyè. Láti ọjà Alábà ní agbègbè Ọjọ́ ni àwo tí ó ní fíìmù mẹ́wàá tàbí ogún nínú ti ń jáde, tí àwọn ọmọdékùnrin sì ń kiri rẹ̀ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ní abẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gbà, ní ẹnu ọjà Tejúoṣó, àti ní Ìdí-Òrò. Bí ènìyàn bá wo àwo wọ̀nyí pẹ̀lú ojú alámèyítọ́, yóò rí i pé àwọn tí ń ṣe wọ́n ń ronú. Wọ́n kó fíìmù Ọdúnladé Adékọ́lá jọ sójú kan, ti Fathia Balógun sójú kan. Wọ́n kó fíìmù aláwàdà jọ, wọ́n kó ti ọba àti ìjòyè jọ. Apá kìn-ín-ní àti apá kejì wà nínú àwo kan náà. Wọ́n tà á ní iye tí ó kéré sí owó tí apá kan ṣoṣo gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Kò sí ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́tọ̀ọ́ tí ó to iṣẹ́ àwọn òṣèré Yorùbá jọ bẹ́ẹ̀ fún ará Mushin ní àkókò náà. Ẹni tí ó jalè ni ó ṣe iṣẹ́ olùtọ́jú ìwé.

Ní ti òfin, ó ti wà tipẹ́. Ìjọba ológun gbé ọ̀kan jáde ní 1970, wọ́n tún gbé èyí tí ó lágbára jù ú lọ jáde ní 1988, ààrẹ sì fọwọ́ sí èyí tí ó kan íńtánẹ́ẹ̀tì ní oṣù kẹta ọdún 2023. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti kó àwo, wọ́n ti dáná sun ún. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n òfin lè mú ẹni tí ń ta àwo ní Alábà, kò lè dá ẹni tí ń ra àwo ní Mushin lóhùn nígbà tí ó bá ní, “Níbo ni kí n ti rí i rà?”

Ìdáhùn kan wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn. Jẹ́nífà tí Fúnkẹ́ Akíndélé gbé jáde ní 2008 di ohun tí ọmọdé àti àgbà ń sọ bí òwe ní gbogbo ìgboro Èkó, ó sì wà nínú àwọn fíìmù tí àwọn ajífíìmùtà jẹ lára wọn jù lọ. Nígbà tí yóò ṣe The Return of Jenifa ní 2011, kò kọ́kọ́ gbé e lọ sí Ìdúmọ̀tà mọ́. Inú sinimá ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà, sinimá tuntun ti ń tú jáde bí olú: Silverbird ní Victoria Island láti 2004, lẹ́yìn náà Ozone ní Yaba, lẹ́yìn èyí Filmhouse ní òpópónà Adéníran Ògúnsànyà ní Sùúrùlérè. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023 ni obìnrin yìí kan náà gbé A Tribe Called Judah jáde, kí oṣù tí ó tẹ̀ lé e sì tó dé ìdajì, owó tí ó wọlé ní sinimá ti ju bílíọ̀nù kan náírà lọ. Kò sí fíìmù Nàìjíríà tí ó ṣe irú rẹ̀ rí kí ó tó di ìgbà náà.

Àwọn tí ń ka owó ní ìpolówó ọjà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ó ṣe é. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà sinimá ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ. Òun, àti Tóyìn Abraham, àti àwọn mìíràn tí ó ń bá wọn du ọjà oṣù kejìlá, kò jókòó sílé kí fíìmù máa dá lọ. Wọ́n ń ti sinimá kan bọ́ sí òmíràn pẹ̀lú àwọn òṣèré wọn, wọ́n ń jó, wọ́n ń kí èrò, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n tilẹ̀ ń bá wọn ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn eré Yorùbá kò ní ṣàì dá àṣà yìí mọ̀. Ní 1944, nígbà tí Hubert Ògúndé ṣì ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá, tí ó kọ eré rẹ̀ àkọ́kọ́ fún ìjọ Aládùúrà kan ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, títí di ìgbà tí ó fi ọkọ̀ kó àwọn ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ láti ìlú dé ìlú, ara òṣèré fúnra rẹ̀ ni ọjà. Àwọn alárìnjò tí ó ṣáájú rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ajífíìmùtà lè da àwòrán Fúnkẹ́ Akíndélé kọ. Kò lè dà á kọ níbi tí ó ti ń jó ní ẹnu ọ̀nà sinimá pẹ̀lú ẹni tí ó fi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àìkú rẹ̀ wá wò ó.

Nítorí náà, ohun tí ń ṣẹ́gun olè kì í ṣe tuntun. Ohun tí Bàbá Sàlá ní lọ́wọ́ lórí ìtàgé, tí ó bọ́ nígbà tí eré di kásẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n tún lọ gbé. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n gbé e dúró sí ni ó kù díẹ̀ káàtó. Tíkẹ́ẹ̀tì sinimá jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà, nígbà tí owó oṣù tí ó kéré jù lọ ní òfin, láti 2024, jẹ́ 70,000 náírà. Ará Mushin tí ó ní ọmọ mẹ́ta, tí ó fẹ́ kó ìdílé rẹ̀ lọ wo fíìmù ní Sùúrùlérè, tí yóò wọ ọkọ̀ lọ, tí yóò wọ ọkọ̀ bọ̀, tí àwọn ọmọ yóò sì béèrè gúgúrú, ti kúrò ní ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ èdè rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe fíìmù. Yóò dúró, gẹ́gẹ́ bí ará ìlú tí kò tíì kàn ní 1982. Ẹni tí yóò bá a níbi tí ó ti ń dúró kò yí padà. Ọjà rẹ̀ nìkan ni ó yí. Dípò kásẹ́ẹ̀tì tàbí àwo, ó di Telegram, ó di mẹ́mórì tí ọmọkùnrin kan ń kó fíìmù sí ní ìsọ̀ fóònù fún owó péréte.

Ní òkè òkun, wọ́n ti jà irú ìjà yìí nípa orin. Napster dé Amẹ́ríkà ní 1999, gbogbo ọ̀dọ́ ń jí orin, àwọn ilé-iṣẹ́ orin sì gbé wọn lọ sí kóòtù. Ní Sweden, níbi tí The Pirate Bay ti bẹ̀rẹ̀ ní 2003, ni àwọn mìíràn ti gbé Spotify jáde ní 2008. Èrò wọn rọrùn: kí gbígbọ́ orin lọ́nà ẹ̀tọ́ rọrùn ju jíjí i lọ, kí ẹni tí kò ní owó máa gbọ́ ìpolówó ọjà dípò owó. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń jí orin ni ó fi olè sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mú wọn.

Irú èrò yìí dé fíìmù wa náà. iROKOtv bẹ̀rẹ̀ ní 2011, àwọn tí ó dá a sílẹ̀ sì ra ẹ̀tọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ fíìmù, Yorùbá wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé dátà wọ́n fún ará Èkó, wọ́n ṣí ìsọ̀ kéékèèké káàkiri ìgboro, kí ènìyàn lè wá gba fíìmù sínú fóònù láìsan owó dátà. Nínú gbogbo ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti ṣe láti fi bá olè du ọjà ní Èkó, ìsọ̀ wọ̀nyí ni ó gbọ́n jù, nítorí ibi tí olè wà gan-an ni wọ́n lọ bá a. Síbẹ̀ ní 2020 ilé-iṣẹ́ náà kó ẹsẹ̀ kúrò lórí ọjà ilé, ó kọjú sí àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ń gbé òkè òkun. Owó tí ó ń wọlé ní náírà kò gbé owó tí ó ń jáde. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ korò: ṣíṣe súnmọ́ òǹwòran nìkan kò tó bí owó rẹ̀ bá ń ti ọ̀dọ̀ àwọn olówó òkèèrè wá, tí wọ́n ń retí èrè ní dọ́là.

YouTube ni ó wá borí. Lónìí, àwọn òṣèré Yorùbá ní ojúlé tiwọn níbẹ̀, wọ́n sì ń gbé fíìmù jáde fún gbogbo ayé láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òǹwòran. Ìpolówó ọjà ni ó ń san owó. Ajífíìmùtà kò lè ta ọjà ní iye tí ó kéré sí ọ̀fẹ́. Bí ó bá jí i gbé sórí ojúlé tirẹ̀, ẹ̀rọ tí YouTube ti ń lò láti 2007 láti fi dá iṣẹ́ oníṣẹ́ mọ̀ lè mú un, kí owó náà sì padà sọ́dọ̀ olówó. Ogójì ọdún kọjá kí ẹnì kan tó rí ohun tí ó mú apá olè rọ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní láti wo ohun tí ìṣẹ́gun yìí gbà lọ́wọ́ wa. Ìpolówó ọjà tí ará London tàbí ará Houston bá wò ń mú owó wá ju èyí tí ará Mushin bá wò lọ. Fíìmù tí kò bá mú ojú dúró ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ti sọnù, nítorí náà ìjà tàbí igbe ni ó sábà máa ń ṣí i. Ó gbọ́dọ̀ yá, nítorí ẹni tí kò bá gbé tuntun jáde ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹlòmíràn yóò gbé e jáde. Ta ni yóò wá jókòó fún oṣù mẹ́fà kọ ìsọ̀rọ̀-ń-gbèsì? Wọ́n ń fún òṣèré ní ìtàn lẹ́nu, wọ́n ní kí ó máa sọ ohun tí ó bá wá sí i lọ́kàn, ohun tí ó sì ń wá sí i lọ́kàn ni àdàlú Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti ń sọ nílé. Nígbà mìíràn èyí dùn, nítorí bí ará Sùúrùlérè ti ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Nígbà tí ọba inú fíìmù bá ń sọ ọ́ lórí ìtẹ́, nǹkan ti yí.

Kí ènìyàn gbé èyí ka ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ tí Túndé Kèlání ṣe nínú ilé-iṣẹ́ Mainframe. Kòṣeégbé ní 1995 àti Ó Le Kú ní 1997 wá láti inú ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá. Ìṣọ̀lá ni ó kọ Ṣaworoidẹ ní 1999 àti Agogo Èèwọ̀ ní 2002. Màgùn tí wọ́n ṣe ní 2001 wá láti ọ̀dọ̀ Adébáyọ̀ Fálétí. Nínú Ṣaworoidẹ, Ọ̀pálábá, tí Fálétí fúnra rẹ̀ ṣe, kì í pa òwe láti fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Òwe rẹ̀ ni ó ń ti ìtàn síwájú, ẹni tí kò bá lóye rẹ̀ kò ní mọ ìgbà tí ewu dé. Ìsọ̀rọ̀-ń-gbèsì bẹ́ẹ̀ kì í ti ẹnu òṣèré já bọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ẹni tí ó ti fi ìgbésí ayé rẹ̀ kọ́ èdè ni ó kọ ọ́, wọ́n sì ní láti san owó fún un. Ohun tí àwọn ajífíìmùtà jẹ lára Mainframe fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í ṣe owó Kèlání nìkan. Owó tí ì bá fi pe ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé kan jókòó lẹ́yìn Fálétí, tí ó kú ní 2017, àti Ìṣọ̀lá, tí ó kú ní 2018, wà nínú rẹ̀.

Kò sì yẹ kí àwọn tí ń ka ìwé yìí máa na ìka sí Alábà nìkan. Ní ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ gíga kọ̀ọ̀kan, títí kan ti Akọkà ní Yaba, ẹ̀rọ ìdàkọ kò sinmi, odindi ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá sì ń gba orí WhatsApp kiri kíláàsì. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é kò yàtọ̀ sí ti ará Mushin: ìwé náà kò sí ní ilé ìtàwé, ìdánwò sì kù ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀wé àti ọ̀rọ̀ onífíìmù, ìbejì ni wọ́n.

Ó ku ọ̀nà kan tí àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù kò tíì tọ̀ dáadáa. Wọ́n máa ń sọ pé ará àdúgbò tálákà kì í sanwó wòran. Ẹni tí ó bá gba Mushin kọjá ní ọ̀sán ọjọ́ àbámẹ́ta, nígbà tí Arsenal tàbí Chelsea bá ń gbá bọ́ọ̀lù, yóò rí i pé irọ́ ni. Àwọn fíúwìn sẹ́ńtà kún dé ẹnu ọ̀nà: bẹ́ǹṣì onípákó, tẹlifíṣọ̀n méjì tàbí mẹ́ta, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn, pátákó níta tí wọ́n kọ iye owó sí. Àwọn tí ó jókòó níbẹ̀ ní fóònù lọ́wọ́, wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n ti lè jí bọ́ọ̀lù náà wò lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n sanwó nítorí pé ó wà nítòsí, nítorí pé owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, nítorí pé àkókò rẹ̀ kò yẹ̀, àti nítorí pé kò sí adùn nínú góòlù tí ènìyàn nìkan pariwo rẹ̀ nínú yàrá.

Kèlání gbìyànjú ohun tí ó jọ èyí nígbà tí ó ń gbé sinimá alágbèéká kiri. Kò sí ẹni tí ó sọ ọ́ di òwò ojoojúmọ́. Fíìmù tuntun lè dé irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kan náà tí ó dé Filmhouse, ní owó bọ́ọ̀lù, kí òṣèré kan tàbí méjì yà síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan bí wọ́n ti ń yà sí àwọn sinimá ńlá. Onílé ìwòran yóò gba ìpín tirẹ̀, yóò sì di ẹ̀ṣọ́ fíìmù náà, nítorí ẹni tí ń jẹ nínú ọjà kì í jẹ́ kí wọ́n jí i ní ojú rẹ̀. Láti ọjọ́ ajé dé ọjọ́bọ̀, tí bọ́ọ̀lù kò bá sí, òfìfo ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn bẹ́ǹṣì wọ̀nyí máa ń wà.